A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ kọ́ ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ẹni tí òfin yóò mú, tí owó yóò jáde lápò rẹ̀, ó yẹ kó wà níjokòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin náà.

Kí tiẹ̀ ni òfin wà fún? Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ ń dùn kí ẹlòmíràn máa pàṣẹ fún un. Àmọ́ ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bó ti wù kí èèyàn lágbára tó, kò lè máa ṣọ́ ilé lóru kó tún máa roko lọ́sàn-án. Kò lè dá yẹ ọ̀nà ọjà, kó dá ṣe afárá, kó tún wá jẹ́ adájọ́ nínú ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa dá láre. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbà kí àṣẹ kan wà tó ga ju tiwọn lọ.

Ìtàn Ẹ̀gbá fi èyí hàn gbangba. Nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú Igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń sin Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń kó. Àgbẹ̀ ni Lísàbí, àárò ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á para pọ̀ ṣiṣẹ́ lóko ẹnìkan lónìí, wọ́n á kọjá sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Òfin àárò kò lé ní ẹyọ kan: bí a bá bá ọ ṣe, ìwọ náà á bá wa ṣe. Kò sí akódà tó ń lé ọ̀lẹ kiri. Ẹni tó bá sá nígbà tó kan oko ẹlòmíràn, tirẹ̀ ni koríko yóò bò. Ìtàn ní inú ẹgbẹ́ àárò yìí ni Lísàbí ti kó àwọn tó dìde sí àwọn ìlàrí jọ, lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àwọn tó ti mọ̀ pé ẹnì kejì wọn kì í sá lóko ni wọ́n jọ kojú ogun.

Nígbà tí ogun tó tẹ̀lé ìṣubú ìlú Òwu tú àwọn ìlú wọn ká, abẹ́ àpáta Olúmọ, ibi tó di Abẹ́òkúta, ni Ṣódẹkẹ́ aṣáájú wọn kó wọn lọ ní 1830. Kì í ṣe ìlú kan ló débẹ̀. Kémta wà lọ́tọ̀, Ìjẹmọ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn Òwu náà sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oníkálukú pẹ̀lú Ògbóni, ológun àti pàràkòyí (ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò) tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé orírun rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kéré, ṣùgbọ́n ó gbópọn: odi kan, ogun kan. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 1851, táwọn ọmọ ogun Gẹ́zò ọba Dàhómì, tọkùnrin tobìnrin, ya dé ẹnubodè Àró, odi yẹn ni gbogbo wọn dúró tì, wọ́n sì lé wọn padà. Ọba kan ṣoṣo tí yóò borí gbogbo wọn ò tíì sí nígbà náà. 1854 ni wọ́n tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké. Àdéhùn ti wà kí adé tó dé.

Àdéhùn máa ń bàjẹ́, síbẹ̀. Nígbà tí Abẹ́òkúta bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gbé owó-orí dé ní 1918, ogun Àdùbí, ìdìde àwọn Ẹ̀gbá sí owó náà, ló bẹ́. Ìjọba tẹ ogun náà rì, owó-orí sì dúró. Ọkọ ń san tirẹ̀, ìyàwó ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹjọ́ tí àwọn obìnrin wá ń rò ni pé àwọn agbowó-orí ń já wọlé àwọn, pé wọ́n ń tú àwọn ọmọdébìnrin síhòòhò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ẹni tó ń sanwó. Àwọn ọlọ́jà ní wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn lọ́wọ́. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń bu owó yìí lé wọn lórí, kò sí obìnrin kan ṣoṣo.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́, ti ní ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀ fún àwọn obìnrin tó kàwé. Ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà, ó sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin Aké, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, orin lẹ́nu wọn. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ owó-orí kalẹ̀ lọ́rùn àwọn obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ọba náà padà sórí ìtẹ́ ní òpin 1950. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin yìí ò sọ pé kí ìlú má ní ìjọba. Àga ni wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ojúlé ẹnikẹ́ni lónìí. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ onílé ni ìjọba tó sún mọ́ èèyàn jù lọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò: òun ló ń gba ọlọ́dẹ, òun ló ń ti géètì lóru, òun ló ń dá owó jọ tí tiransifọ́mà bá bàjẹ́. Àwọn onílé á pé jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ní aago mọ́kànlá ni géètì máa tì, wọ́n á bu owó ọlọ́dẹ lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ayálégbé ò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ laago méjìlá òru á bá géètì ní títì, ọlọ́dẹ á ní òun ò lè ṣí i, àṣẹ ni. Tó bá di ìparí oṣù, wọ́n á kanlẹ̀kùn rẹ̀ pé kó wá sanwó ọlọ́dẹ kan náà. Bó bá bínú, wọ́n á pè é ní alágídí. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí òfin rẹ̀ dúró, kó pe ayálégbé sípàdé, kó sì jẹ́ kó dìbò. Kí wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i kà. Níbi owó ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù, nítorí náà kí akápò má jẹ́ mọ̀lẹ́bí alága, kí èèyàn méjì máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báńkì, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Ohun tó bá ojú ló bá imú: bí ọmọ alága bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n pè tí kò wá kò lẹ́jọ́ o. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń sọ pé, “Kí ló kàn mí, ṣé èmi ni mo nilé?” Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ò dúró de ẹni tó máa pè wọ́n.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń gba owó, ẹ ka orúkọ gbogbo ẹni tó ń san án, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ kò tíì pè rí.