Ẹ Má Fi Ímeèlì Yín Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn

ÌBÉÈRÈ

Ẹni ọdún 67 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Táípúráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tí kọ̀ǹpútà dé iléeṣẹ́ wa, àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n gbé e fún.

Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì mi ní kí n mú ímeèlì wá. Ọmọ ọmọ mi bá mi ṣí ọ̀kan lórí fóònù mi, nọ́ńbà tirẹ̀ ló sì fi sí i. Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ kàwé ní Kánádà. Fóònù yẹn bàjẹ́, mo ra òmíràn, láti ìgbà náà ni mi ò ti rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ náà kò sì rántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò wa ní òun á ṣí tuntun fún mi, òun á sì máa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá ń san owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ṣé kí n gbà? WhatsApp nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò. Kí ni ímeèlì tilẹ̀ ń ṣe tí WhatsApp kò lè ṣe? Àbí ó ti pẹ́ jù fún mi láti kọ́ ọ ni?

Ìyá àgbà kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má gbà fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mi ò pè é lólè o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọlúàbí gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín lè ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sí yín, ó lè kọ̀wé lórúkọ yín, ó sì lè yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà kó tì yín síta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ímeèlì yìí kan náà ni báńkì àti àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí nígbà tí nǹkan bá fẹ́ yí padà nínú àkáǹtì yín. Ẹni tó bá di ímeèlì yín mú ti sún mọ́ owó yín. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ìyẹn fún àjèjì, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ẹ béèrè bóyá ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó fi táípúráítà jẹun, kí ló fẹ́ bẹ̀rù nínú ímeèlì? Bí lẹ́tà ṣe tò lórí ẹ̀rọ yín nígbà náà ni wọ́n ṣe tò lójú fóònù yín lónìí, Q àti W àti E ló ṣáájú lókè. Ìwé kíkọ ni ímeèlì, ìwé kíkọ sì ni iṣẹ́ yín.

Ní ti WhatsApp, orí nọ́ńbà fóònù ló dúró lé. Ímeèlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí àpótí tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀: lẹ́tà á dé síbẹ̀, á sì dúró dè yín, fóònù ì báà wà ní títàn, ì báà wà ní pípa, dátà ì báà sí, kó má sì sí. Inú fóònù kọ́ ni lẹ́tà yín ń gbé. Inú kọ̀ǹpútà ńláńlá iléeṣẹ́ tó fún yín ní àdírẹ́sì ló wà, fóònù kàn jẹ́ ohun tí ẹ fi ń wò ó ni. Nítorí náà, nígbà tí fóònù yín bàjẹ́, kò sí ohun tó ṣe àwọn lẹ́tà yín. Ọ̀nà àtiwọlé ló dí.

Ẹ ó ti rí àmì @ nínú àdírẹ́sì. Ará Amẹ́ríkà kan, Ray Tomlinson, ló mú un wọ inú rẹ̀ ní 1971, nígbà tó ń wá bí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kan ṣe máa kọ̀wé sí ẹni tó wà nídìí òmíràn. Ohun tó ṣáájú @ ni orúkọ ẹni. Ohun tó tẹ̀lé e ni ibi tí lẹ́tà rẹ̀ ń dé sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ ó fi mọ oníjìbìtì.

Kí ẹ tó ṣí tuntun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú ti àtijọ́. Ẹ bi ìyá ọmọ náà bóyá ọmọ fi síìmù Nàìjíríà rẹ̀ sílẹ̀ nílé, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sókè òkun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí síìmù náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sínú fóònù kan, kí ẹ kọ àdírẹ́sì yín sí Gmail, áàpù ímeèlì ti Google, kí ẹ sì tẹ Forgot password. Bí wọ́n bá fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yẹn, òun ni ẹ ó fi yan pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yọ nọ́ńbà ọmọ kúrò, kí ẹ fi tiyín sí i. Bí síìmù náà bá ti sọnù, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ gbogbo bá a jà. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìgbà pípẹ́, iléeṣẹ́ fóònù máa ń gbà á padà, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn. Kóòdù tó yẹ kó dé ọwọ́ yín á wá máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Bó bá di dandan kí ẹ ṣí tuntun, Gmail ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android láti ìsọ̀ tí ẹ ti rà á, kò sì gba owó. Ẹ ṣí i, kí ẹ fọwọ́ kan àwòrán róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ ó rí Add another account. Ẹ yan Google, lẹ́yìn náà Create account. Wọ́n á béèrè orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí, wọ́n á wá ní kí ẹ yan àdírẹ́sì. Orúkọ yín àti orúkọ ilé ọkọ yín ni kí ẹ lò, láìsí àlàfo láàárín, láìsí àmì ohùn, láìfi ọdún tí wọ́n bí yín kún un. Bí ẹlòmíràn bá ti gba orúkọ náà, ẹ fi orúkọ mìíràn tí wọ́n sọ yín kún un. Nígbà tí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà fóònù, Màmá, tiyín ni o, èyí tí ẹ fi NIN yín forúkọ sílẹ̀. Ẹ má fi ti ọmọ, ẹ má fi ti aládùúgbò.

Pásíwọ́ọ̀dù ló ku. Àwọn àgbà máa ń lo oríkì wọn tàbí orúkọ àkọ́bí, gbogbo àdúgbò ló sì mọ méjèèjì. Ẹ kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan jọ: ohun èlò ìdáná kan, irú ẹja kan, ìlú tí ẹ kò gbé rí, àwọ̀ aṣọ kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rántí, ó sì nira fún ẹlòmíràn láti mọ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ láéláé. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sí ibi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, tàbí kí ẹ kà á fún ẹnikẹ́ni lórí ìpè.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yín, ọmọ ọmọ yín ní Kánádà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ tẹ Compose. Ní To, ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àdírẹ́sì náà bá ṣì, ìwé yín kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Cc tó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: òun náà ni c.c. tí ẹ máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé nígbà tí ẹ bá fi kábọ̀n ṣe ẹ̀dà fún ọ̀gá kejì. Ní Subject, ẹ kọ ohun tí ìwé náà dá lé, bí àkòrí. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ìwé yín bí ẹ ṣe ń kọ ìwé: ìkíni, ọ̀rọ̀, orúkọ yín nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tẹ Send tán tí ẹ rí àṣìṣe, Undo á yọjú nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á padà sọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé so mọ́ lẹ́tà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ojúmọmọ, kí ẹ tẹ àmì kílíìpù tó wà lókè. Gmail ń gba ohun tí kò bá ju 25 MB lọ, èyí sì tó fún ojú ìwé mélòó kan.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó yẹ kó bà yín ni ti àwọn oníjìbìtì, àwọn tó mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì ni àgbà ń retí. Wọ́n á kọ̀wé pé àjẹsílẹ̀ owó yín ti jáde, kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ má dáhùn. Ẹ fọwọ́ kan orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà kí àdírẹ́sì rẹ̀ lè hàn, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn @. Ti ìjọba Nàìjíríà máa ń parí sí gov.ng. Iléeṣẹ́ ìfẹ̀yìntì ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe gmail.com. Síbẹ̀, bí ojú àdírẹ́sì bá tilẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, kóòdù tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM yín, oníjìbìtì ni. Ẹ pa á tì.

Ẹ máa wọlé wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Google ti kéde pé àwọn lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ padà lọ sí ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì yín, nítorí àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà nínú fáìlì wọn. Ẹ kọ tuntun sórí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà ka àdírẹ́sì yẹn padà fún yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i nínú Inbox, ẹ wo Spam, ibi tí Gmail ń kó lẹ́tà tó bá fura sí. Wọn kì í wà níbẹ̀ ju 30 ọjọ́ lọ. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ Not spam. Ẹ má dìde kúrò lórí àga wọn títí ẹ ó fi rí lẹ́tà náà lójú fóònù yín.