Àtúnṣe Ńlá Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Kò Yára

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Yábàá, Muṣin àti Sùúrùlérè ni kì í jẹ́ kí Windows gba àtúnṣe rẹ̀, nítorí pé dátà wọ́n. (Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.) Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí àtúnṣe bá jẹ́ gígábáìtì 4, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń gbé mẹ́gábíìtì 1 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà tó wákàtí 9. Iná wo ni yóò dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2017. Ní oṣù Kẹta, Microsoft gbé àtúnṣe tí ó dí ihò kan jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè bí 150, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Ẹni tí ó ti gba àtúnṣe náà kò ní ihò tí yóò gbà wọlé. Iṣẹ́ àṣekágbá yín ńkọ́, bí ó bá jẹ́ inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ó wà?

Bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí àtúnṣe dé ni yóò ti máa bá a lọ. Ẹ lè gba díẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ gba ìyókù lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà, tí ẹ jọ ń lo ráwútà kan, ẹ wá Delivery Optimization nínú Settings, kí ẹ tan án. Kọ̀ǹpútà kan yóò gbà á, àwọn yòókù yóò sì bù lára rẹ̀ láìná dátà púpọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ dátà fóònù ni ẹ ń lò, ẹ tan "Metered connection", kí àtúnṣe ńlá lè dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ.