Kí Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Òjò tó rọ̀ sí ewúro náà ló rọ̀ sí ìrèké. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì tí ìwà wọn kò dọ́gba la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n oko ni mo fẹ́ dá a padà sí lónìí. Ẹ wo oko méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Òkè-Ògùn, láàárín Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí. Òjò kan náà, oòrùn kan náà, ilẹ̀ kan náà. Tó bá di oṣù Agẹmọ, ọ̀kan ti ń kó àgbàdo tútù lọ sọ́jà, èkejì ṣì ń fi ọkọ́ lé koríko kiri. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò ní orí ló yàtọ̀. Èmi kò ní bá orí jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wádìí, ẹ ó rí i pé ohun tó ya oko méjèèjì nípá ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, tí òjò kankan kò tíì ṣú.

Àkókò tí mò ń wí yìí, láti oṣù Èrèlé wọ Ẹrẹ́nà, kò dùn ún wò. Ewé ti wọ́ tán lára igi púpọ̀, eruku gba ojú ọ̀nà, odò kékeré ti di kòtò ẹrẹ̀. Òwú àràbà ń fò kiri. Igbá ti ń so, àwọn obìnrin ti ń gbèrò irú. Kajú ń já bọ́ lábẹ́ igi, àwọn tó ń rà á ti gbé òṣùwọ̀n wá sí oríta. Ẹni tó ti ìgboro wá lè rò pé àgbẹ̀ ń sinmi. Àgbẹ̀ tó bá ń sinmi lóòótọ́ nígbà yìí, ẹ má bá a dá oko pọ̀.

Ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Igbó tí a bá ṣán kí òjò tó kàn án, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bí òjò méjì bá ti rọ̀ lé e lórí, ó lè di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ṣíṣán ni ọ̀rọ̀ iná. Púpọ̀ nínú wa ló ń sun oko, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé àròkọ kan yóò mú un kúrò. Iná yára, eérú rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ ojú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí à ń sun lọ́dọọdún, ohun tó yẹ kó jẹrà sínú rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ. Bó bá pẹ́, ilẹ̀ náà á le, omi òjò á máa ṣàn gba orí rẹ̀ kọjá dípò kó wọlé. Ẹni tó bá lè kó pàǹtí rẹ̀ sí àárín poro kó jẹrà níbẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣàì sun ún, kó rántí pé iná kò ṣe é bò máṣọ. Ẹ ro etí oko yíká kó mọ́ tónítóní, kó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ sọ fún ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi kú pátápátá. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná igbó jẹ oko kòkó run káàkiri ní Ghana, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ní láti tún igi gbìn. Kòkó kì í ṣe àgbàdo: ó lè tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so.

Nígbà tí igbó ti mọ́ yìí náà ni kí ẹ wo ààlà. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Ibi tí pèrègún bá ti kú, ẹ fi èèkàn sàmì sí i lójú ẹni kejì, ẹ ó tún un gbìn bí òjò bá dé. Ìjà ààlà inú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu lásán lè parí rẹ̀. Èyí tí iṣu bá ti hù lórí rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má dé kóòtù.

Wàyí o, bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí oko ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́, ilé ìdáná ni n ó nàka sí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti Èrèlé títí dé Èbìbí ni àká máa ń ṣófo lọ. Iṣu tó kù ti ń hù, gàrí ń gbówó lérí, àgbàdo tuntun ṣì jìnnà. Ìgbà yìí lọwọ́ máa ń yà sídìí èbù. Lónìí a mú méjì, ọ̀la a mú mẹ́ta, kò sẹ́ni tó jalè, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ìgbà tí a bá kọ ebè tán la tó mọ̀ pé èbù kò kárí. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ ka èbù kí ẹ tó mú ọkọ́. Kí bàbá mọ iye rẹ̀, kí ìyá mọ̀ ọ́n, kí àwọn ọmọ tó ń wọ àká náà mọ̀ pé apá ibí yìí kì í ṣe fún iyán.

Òfin nìkan kì í sì í pa èbù mọ́. Oúnjẹ ló ń pa á mọ́, ọgbọ́n èlùbọ́ tí àwọn ìyá wa ní sì dára níhìn-ín. Oòrùn Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé la fi ń sá a, kí òjò má bàa bá a níta. Ilé tó bá ní èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa nínú àpò lè wo èbù lójú kó má jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, èlùbọ́ tó bá ti bu, ẹ má tan ara yín pé iná yóò pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Oró tí ohun bíbu máa ń fi sílẹ̀ kì í kú sínú omi gbígbóná. Bí òjò bá sì ṣú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tìtorí ẹ̀ kó gbogbo gàrí ilé lọ sọ́jà pé ìyà ti tán. Òjò tó ṣú kì í jẹ́ ká da omi inú amù nù, àgbàdo tí a gbìn lónìí kò sì ní ṣe é jẹ kó tó pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ bá gé èbù, ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Orí iṣu máa ń yára hù ju ìdí lọ, nítorí náà ẹ ya ebè wọn sọ́tọ̀. Igi ẹ̀gẹ́, ẹ mú un lára èyí tó ti lò tó oṣù 8 sí 12, tí ewé rẹ̀ kò ká kò, tí kò sì ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú. Ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó ní ojú márùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ ló ń gba igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á wá gba àìsàn oko onítọ̀hún mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, ti mú oríṣi ẹ̀gẹ́ jáde tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè ràn. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ìgbà ìgbìn tó ká gbogbo ayé mọ́.

Ti àgbàdo rọrùn. Ẹ ka ẹyọ 10, ẹ dì í sínú àkísà tí ẹ rẹ lómi, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún ẹ tú u wò. Bí 8 bá hù, ó dára. Bó bá jẹ́ 5, ẹ wá òmíràn. Irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró, bí ebi ti wù kó pa ilé tó, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe oúnjẹ adìẹ pàápàá.

Ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ bá wá dé! Àrá á sán, atẹ́gùn á gbé páànù tí kò bá kàn dáadáa, òórùn ilẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Lálẹ́, esunsun á bo iná, àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi jáde. Ìgbín á jáde láàárọ̀. Ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀ á sì máa yún un. Ibi tí ìmọ̀ràn mi ti le jù nìyí, n óò sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ má gbin àgbàdo lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fi ìkánjú tu olú-ọ̀ran, igba rẹ̀ kò sebẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀sọ̀ tu ú, ẹyọ kan rẹ̀ tó ọbẹ̀ẹ́ sè. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tó ń ti ojú òkun wá ló ń gbé òjò bọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti Sàhárà sì ń dè é lọ́nà. Ní Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, àwọn méjèèjì ṣì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Òjò lè rọ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tún kọjá láìsí òmíràn. Àgbàdo á ti hù, á ti yọ ewé méjì, oòrùn á wá yan án gbẹ. Èyí tí kò bá hù, òkété á hú u jẹ. Irúgbìn lọ, owó òṣìṣẹ́ lọ, nígbà tí òjò gidi bá sì dé, kò ní sí ohun tí a ó sọ sílẹ̀ mọ́.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀run ẹlòmíràn gbin oko tirẹ̀. Òjò ń ti ìhà òkun lọ sókè ni. Òkìtìpupa àti Ìjẹ̀bú-Òde máa ń rí i kó tó fìdí múlẹ̀ n'Ìbàdàn, Ṣakí àti Kìṣí á ṣì máa retí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìjẹ̀bú á wá pe àbúrò rẹ̀ ní Kìṣí lórí fóònù pé, “Àwa ti gbìn o, kí lẹ̀yin ń dúró dè?” Kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n dáadáa, kó má sì kúrò lórí ìjókòó. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, rédíò sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ agbègbè ńlá ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àdá ni kí ẹ fi wo tiyín. Lẹ́yìn òjò, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá jìn ju ìka méjì lọ, ilẹ̀ kò tíì mu. Bó bá jìn tó ọrùn ọwọ́ sí orí ìka, tí òjò kejì àti ìkẹta sì tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sọ àgbàdo. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kó gbin iṣu ná. Èbù tí a fi ewé gbígbẹ bò lórí ebè lè fara da ọ̀dá díẹ̀. Àgbàdo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí sùúrù má sì di ọ̀lẹ. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti kéde kòkòrò ajàgbàdo tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, àgbàdo tó bá pẹ́ gbìn ló sábà máa ń jìyà jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa wo àárín ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pa ẹyin àti ọmọ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré.

Ní ti òṣìṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo abúlé máa ń wá wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ to àáró yín ní Èrèlé, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe oko rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀, kó mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ náà nílò ìpamọ́. Ẹni tó fẹ́ háyà katakata, kó lọ bá oní-katakata kí òjò tó ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀ ẹ́.

Ẹran ọ̀sìn ń kọ́? À-ì-tètè-mólè, olè ń mólóko. Ewúrẹ́ tó ti ń rìn fàlàlà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ̀ pé ohun tó hù yìí kì í ṣe ti gbogbogbòò. Ẹ tún ọgbà wọn ṣe kí ewé tó yọ. Àìsàn ewúrẹ́ tí à ń pè ní kátà sì máa ń jà nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú. Bí ewúrẹ́ bá ti ń sunkun tó ń yàgbẹ́ gbuuru, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti pẹ́.

Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, ní London, ní Houston, tí òbí yín ń ṣoko nílé. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń fi owó ránṣẹ́ ní oṣù Igbe, nígbà tí bàbá bá pè pé koríko ti bo ilé. Ìgbà yẹn gbogbo nǹkan ti wọ́n. Ẹ jẹ́ kí owó náà dé ọwọ́ wọn ní Èrèlé, kó lè ṣán igbó, kó lè san àsansílẹ̀ fún katakata, kó sì lè ra oúnjẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan èbù. Bí ẹ bá sì pe màmá, ẹ má kàn béèrè bóyá òjò ti rọ̀. Ẹ béèrè iye èbù tó kù.