Ta Ló Ké, Kí Ló Rí?

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Djaloukou, mo mọ̀ pé ọ̀tá lẹ ka ọ̀bọ sí. Àgbàdo tí ẹ fi oṣù mẹ́ta tọ́jú, àárọ̀ kan ni wọ́n fi ń run ún. Ẹkún kan náà làwọn ará Bantè ń sun. Ẹ lé wọn, oko yín ni. Àmọ́ kí òkò tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wò wọ́n ná. Bí àwọn yòókù ti ń ya àgbàdo, ẹ óò rí ọ̀kan lórí igi tó ń ṣọ́nà. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ sá.

Lọ́dún 1977, Robert Seyfarth àti ìyàwó rẹ̀, Dorothy Cheney, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí nípa ìwà ẹranko, lọ wo irú ọ̀bọ olójú dúdú bẹ́ẹ̀ ní Amboseli, ní Kẹ́ńyà. Igbe wọn kì í ṣe ariwo lásán. Bí wọ́n bá ké ti àmọ̀tẹ́kùn, wọn a gun igi. Bó bá jẹ́ ti idì, wọn a gbójú sókè, wọn a kó wọ igbó. Ti ejò ńkọ́? Wọn a nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, wọn a máa wo inú koríko. Ọmọ ọ̀bọ a máa ṣì í ké, a fi igbe idì pe ẹyẹ tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àgbà a gbójú wò. Bó bá jẹ́ idì lóòótọ́, òun náà á sábà ké e tẹ̀ lé e.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé tọkọtaya náà gba ohùn ọ̀bọ kan sílẹ̀, igbe tí àwọn ọ̀bọ fi ń kéde pé agbo mìíràn ń bọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ pamọ́ sínú igbó, wọ́n ń gbé ohùn náà jáde léraléra, bẹ́ẹ̀ agbo kankan ò bọ̀. Nígbà tó yá, kò sí ọ̀bọ tó yíjú sí i mọ́. Ti ọ̀bọ mìíràn dún, kíá ni wọ́n wò. Ọ̀bọ ọ̀hún ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fi ohùn òun ba òun jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa. Bí ohùn kan bá wọ fóònù yín lóru, pé ajọ́mọgbé wà lójú ọ̀nà Savalou, pé darandaran ti ya wọ abà, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ta ló ké? Kí ló fojú ara rẹ̀ rí? Níbo? Ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí àdá bá aláìṣẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Bí ọmọ kékeré bá sì sáré wọlé, tó ní òun rí ejò lẹ́yìn ilé, tí ẹ débẹ̀ tí ẹ bá okùn, ẹ má nà án. Ejò gan-an lè wá lọ́la, ẹ óò sì fẹ́ kó pè yín.