Níbo Ni Ká Gbé Ọrùn Yìí Sí? Ẹwà Àwọn Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́

Ẹ bá mi wo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ yín. Pátákó dúdú pẹlẹbẹ ni, àbí? Ti aládùúgbò yín ńkọ́? Pátákó dúdú pẹlẹbẹ náà ni. Tí a bá fi ọwọ́ bo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ti Samsung yàtọ̀ sí ti LG? Àmọ́ láàárín 1939 sí 1970, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tó jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà lèèyàn á ti dá wọn mọ̀. Èmi ò gbà pé àwọn tó ṣe wọ́n lọ́gbọ́n ju àwọn ti ìsinsìnyí lọ. Ìgò kan ló fún wọn níṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ tí Yorùbá fún tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán: a-mú-ohùn-mú-àwòrán, ohun tó mú ohùn, tó sì tún mú àwòrán. Ti rédíò ni mo fẹ́ràn jù: asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Kò sẹ́ni tó lè bá rédíò jiyàn.

Báwo wá ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe ń mú àwòrán? Inú rẹ̀ ni ìgò ńlá kan wà tó rí bí àrọ, ìyẹn ohun tí a fi ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ ni ojú tí à ń wò. Ọrùn rẹ̀ tó tín-ín-rín wà lẹ́yìn. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ìdí ọrùn yẹn, irin kékeré kan máa ń gbóná, á sì máa tú electron sílẹ̀. Iná mànàmáná tó lágbára á fà wọ́n síwájú, wọ́n á lọ kọlu èròjà kan tí wọ́n fi kun inú gíláàsì ojú náà, ibi tí wọ́n bá kọlù á sì tàn. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ìgò ń ṣiṣẹ́ bí òòfà: òun ló ń darí wọn sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sísàlẹ̀, tí wọ́n fi ń ya àwòrán ní ìlà tẹ̀lé ìlà. Ní Britain ìgbà yẹn, ìlà 405 ni wọ́n pín àwòrán kan sí, àwòrán 25 sì ní láti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tan iná rẹ̀ sára ògiri. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀ sí i, ẹ ní láti fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò yìí: bí òòfà ò bá lè tẹ electron kúrò lójú ọ̀nà púpọ̀, ojú ńlá á béèrè fún ọrùn gígùn. Níbo wá ni ká gbé ọrùn náà sí nínú ilé tí ọmọ aráyé ń gbé? Gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, ìbéèrè yìí ni wọ́n ń dáhùn.

Ìdáhùn RCA ní Amẹ́ríkà ni pé kí a gbé ọrùn náà dúró. Nínú TRK-12, tí wọ́n fi han gbogbo ayé níbi ìpàtẹ ńlá New York ní 1939, ojú ìgò kọjú sókè sí òrùlé. Ẹ óò ṣí ìdérí àpótí náà, dígí sì wà lábẹ́ ìdérí. Inú dígí yẹn lẹ ti máa wo àwòrán. Ṣé dígí ò ní yí ọ̀tún di òsì ni? Á yí i, nítorí náà wọ́n ti kọ́kọ́ yí i padà látinú ìgò, kí dígí lè dá a sípò. John Vassos ló ya ìrísí àpótí onígi náà. Àmọ́ àwọn tó wá sí ìpàtẹ ń fura pé idán ni, ni RCA bá ṣe ọ̀kan tí àpótí rẹ̀ jẹ́ ike tí ojú ń là já, kí olúkúlùkù lè rí inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún èmi, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn, torí kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ní 1950, Bush gbé TV22 jáde ní Britain. Ojú rẹ̀ ò ju ínǹṣì 9 lọ, torí náà ọrùn rẹ̀ gba inú àpótí kékeré tó ṣeé gbé sórí tábìlì. Bakelite ni wọ́n fi ṣe àpótí náà, ike líle aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ẹ̀rọ bí ẹni tẹ búrẹ́dì sínú agolo. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ báyìí kì í fẹ́ igun mímú, ìdí nìyẹn tí gbogbo etí rẹ̀ fi rí roboto.

Àwọn Kuba ní Jámánì ò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi nǹkan pamọ́. Komet wọn, tó jáde ní 1957, ga ju mítà kan àbọ̀ lọ, ó sì rí bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti ẹ̀rọ tó ń kọ àwo orin wà nínú ẹ̀ kan ṣoṣo, apá òkè rẹ̀ sì ṣeé yí. Ó ti pọ̀ jù lójú tèmi, àmọ́ ẹ ò lè rí i kẹ́ ẹ gbàgbé.

Èyí tí mo ń bá jà jù ni Predicta, tí Philco ní Amẹ́ríkà ṣe ní 1958. Nígbà yẹn, òòfà ti lágbára sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, igun tí ìgò ń lò jẹ́ nǹkan bí 70 dígírì. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, ó ti dé 110. Igun ńlá, ọrùn kúkúrú. Àwọn Philco bá ní, bí ọrùn bá ti kúrú báyìí, kí ló dé tí a tún ń fi í pamọ́? Wọ́n yọ ìgò síta pátápátá, wọ́n gbé e lé orí àpótí bí orí ṣe wà lórí èjìká, ó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì. Èyí tí wọ́n pè ní Tandem tiẹ̀ lè fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀: wáyà ẹsẹ̀ bàtà 25 ló so wọ́n pọ̀, ẹ lè jókòó ti àpótí kẹ́ ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ lókèèrè.

Àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kó kúrò lẹ́yìn ìgò, inú àpótí pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ ni wọ́n há a mọ́, pẹ̀lú àwọn gílóòbù kéékèèké tí wọ́n ń lò kí transistor tó gbòde. Ooru pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń yára bàjẹ́. Ní 1960 wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ní 1961 Ford ra Philco. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a mọ irú rẹ̀ dáadáa: ojú aápù á máa dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa jóná.

Transistor ló yanjú ọ̀rọ̀ ooru. Ní 1960 Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta TV8-301, olójú ínǹṣì 8, tí kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 6. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Ítálì dé. Ní 1964, Marco Zanuso àti Richard Sapper ṣe Algol fún ilé-iṣẹ́ Brionvega. Tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn ń gbé kiri, ilẹ̀ tàbí tábìlì kúkúrú ló sábà máa ń bọ́ sí, ẹni tó ń wò ó á sì ga jù ú lọ. Wọ́n wá dá ìgò náà sẹ́yìn, ojú gbé sókè, ọrùn rọ̀ sísàlẹ̀. Ó dà bí ajá kékeré tó ń wo ojú olówó rẹ̀. Ní 1969, àwọn méjèèjì tún ṣe Black: tí ẹ bá pa á, ojú rẹ̀ á pòórá sínú àpótí dúdú onígun. Ó jọ pé òun ni bàbá ńlá gbogbo pátákó dúdú òní.

Ọdún yẹn náà lèèyàn kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ òṣùpá. Ní 1970 ni JVC ti Japan mú Videosphere jáde, roboto bí akoto àwọn tó lọ sójú òṣùpá, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lórí tí ẹ lè fi gbé e kọ́.

Nílé wa ńkọ́? WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, nígbà tí Predicta ṣì wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹ bi àwọn ìyá àti bàbá yín àgbà léèrè nípa tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn: àpótí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí baálé bá ti wo ìròyìn tán. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún yín.

Àwọn kan ń kọ̀wé béèrè bóyá kí àwọn ra irú àwọn tẹlifíṣọ̀n yìí. Ẹ rà á, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tó ń fa electron lè kọjá fóòtì 10,000, ìgò náà sì lè di díẹ̀ mú nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Torí pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, tó bá fọ́, gíláàsì á fò kiri. Ẹ sì má ṣe bí àwọn tó ń yọ ìgò Videosphere dànù kí wọ́n lè ki pátákó pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá kankan ò ṣe ìgò bẹ́ẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ilé mọ́. Èyí tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain, tí ẹ bá rí TV22, ẹ rántí pé ní oṣù kìíní 1985 ni wọ́n pa ìlà 405 tì. Ẹ máa nílò àpótí kékeré kan tó ń tún àwòrán òní pín sí ìlà 405, kí ẹ sì fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ní ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò kí ẹ tó tan iná sí i.