Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Àsè Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Kékeré

Láti ìgbà láéláé ni àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti mọ bí a ti í sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún ọjọ́ ìbí bá ìwé kíkà wọlé tọ̀ wá wá ni, nítorí níbi tí a kò bá ti kọ ọjọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí ọdún pé gan-an. Samuel Àjàyí Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ a kò lè sọ ju pé nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i. Lónìí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, àti títí dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja etí ọ̀sà ní Ìwopin àti Mákùn-Omi, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń se àsè yìí. Ó yẹ kí a mọ bí a ó ti ṣe é.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ṣe é? Ó tọ́. Ìwádìí ìlera tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Òbí tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún kan, tí ó ń rìn tàgétàgé nínú ilé, ní ìdí láti dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa. Ní ọjọ́ ìbí Fáráò ni a so olórí àwọn alásè rẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ ìbí Hẹ́rọ́dù, ìlérí tí ó fi ìgbéraga ṣe níwájú àlejò ni ó gba ẹ̀mí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ábúráhámù pẹ̀lú se àsè ńlá, ní ọjọ́ tí a já Ísáákì lẹ́nu ọmú. Nínú àsè méjì ìṣáájú, ògo ọba ni a ń wá. Nínú ti Ábúráhámù, ìdàgbà ọmọ ni a ń yọ̀ sí.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọdún kan, mo kó owó èésú tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ṣe, mo yá owó kún un, mo pa ewúrẹ́, mo sì pe gbogbo àdúgbò. Ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsókè da ẹ̀rù bo ọmọ náà. Ó sunkún títí ó fi sùn, kí a tó gé àkàrà òyìnbó rẹ̀. Àwa àgbà ni a jẹ, àwa ni a mu. Nígbà tí òjò dé, òrùlé ń jò sórí ẹní ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ se àsè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n ohun gbogbo.

1. Owó. Kọ́kọ́ yọ owó ilé-ìwé, owó ìtọ́jú ara àti owó irúgbìn sọ́tọ̀. Nínú èyí tí ó kù ni kí o ti se àsè. Má ṣe fi kòkó tí ó ṣì wà lórí igi yá owó.

2. Àkókò. Ọmọ kékeré kì í fara da ọjọ́ gígùn. Jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án, kí àsè bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin, kí ó sì parí kí ẹ̀fọn tó jáde. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, wá ibi tí òjò kò ní pa yín.

3. Àlejò. Má ṣe pe ọmọ ju iye tí ojú rẹ lè tó. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí èéyi ń ṣe kí ó dúró sílé.

4. Oúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹyin sísè àti ìbẹ́pẹ tó. Yọ egungun ẹja kúrò. Má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà tàbí súìtì líle, nítorí ó lè há a lọ́fun. Má sì ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Kí gbogbo ọwọ́ kan omi àti ọṣẹ kí ó tó kan oúnjẹ.

5. Ìṣọ́. Yan àgbàlagbà kan tí kò ní dáná, tí kò ní pín oúnjẹ, bí kò ṣe kí ó máa ṣọ́ ọmọ lọ́dọ̀ kànga, iná àti etí ọ̀sà. Kí ẹ̀rọ amúnáwá wà ní ìta, jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

6. Ohun tí yóò kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mú káàdì àjẹsára ọmọ jáde, kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù 9 ni a ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, ní oṣù 15 sì ni èkejì. Bí ọmọ kò bá tíì ní ìwé ẹ̀rí ìbí, lọ gbà á lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbàdúrà kúkúrú, ẹ pa àlọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe bojúbojú. Inú ọmọ yóò dùn, gbèsè kò sì ní jí ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè fún ìdílé: (i) Ta ni a se àsè tí ó kọjá nílé wa fún? (ii) Kí ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀? (iii) Níbo ni a kọ ọjọ́ ìbí ọmọ wa sí?