Àrokò-Ẹ̀rọ àti Òṣùwọ̀n Ìlànà Aṣojú Rẹ̀

Ní ọdún 2007 ni Jeff Lindsay fún 'webhook' ní orúkọ.

Oríkì: Àrokò-ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kan ń fúnra rẹ̀ rán sí òmíràn nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Orúkọ yìí bá a mu, nítorí pé ẹni tí ó gba àrokò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

Bí aṣojú onílàákàyè àtọwọ́dá bá ń gba àrokò-ẹ̀rọ, ìbéèrè mẹ́rin ni a fi ń díwọ̀n ìlànà tí a kọ fún un:

(i) Ǹjẹ́ ó ní kí a yẹ òǹtẹ̀ wò kí a tó tú iṣẹ́ náà?

(ii) Ǹjẹ́ ó rántí pé iṣẹ́ kan lè dé lẹ́ẹ̀mejì? Owó tí a san lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ gbé ọjà méjì jáde.

(iii) Ǹjẹ́ ó ní kí èsì tètè lọ? GitHub kì í dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ.

(iv) Ǹjẹ́ ó ya ọ̀rọ̀ inú àrokò sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ? Oníbàárà lè kọ 'ẹ dá gbogbo owó padà' sínú iṣẹ́ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ pé. Òǹtẹ̀ ń jẹ́rìí sí ẹni tí ó rán iṣẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àṣẹ.

Ìlànà tí ó kàn ní 'ṣọ́ra' kò tíì kọ́ aṣojú ní nǹkan kan.